IDHKHIR: KORÍKO TÍ A YỌ SÍLẸ̀ NÍNÚ ÒFIN ILẸ̀ MẸ́KÀ

 

Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ̀yin ìyá àti baba wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ koríko ni mo gbé wá lọ́dún yìí. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ibi jànáásà kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Òjò ti ṣú lọ́jọ́ náà. A ti gbé ìyá arúgbó kan sínú lahdi, a ti to pákó dí i, ṣùgbọ́n pákó náà kò gún, àlàfo wà láàárín wọn tí ọwọ́ lè wọ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ sàárè wá ké sí àwọn ọmọkùnrin pé kí wọ́n lọ já ewé wá kí á fi dí i, kí yẹ̀pẹ̀ má baà máa dà sí ìyá lára. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè-òkun dé, níbi tí ó ti lọ kéwú, bá na ọwọ́ sókè.

"Ewé kẹ̀? Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú o, kí ni ewé ń wá nínú sàárè Mùsùlùmí? Iṣẹ́ àwọn babaláwo nìyẹn."

Àgbàlagbà kan dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn baba wa nìyẹn, Mùsùlùmí sì ni wọ́n."

"Bàbá, ohun tí a bá lọ́wọ́ baba nìkan kọ́ ni ẹ̀sìn."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. "Lemọ́mù, ẹ dá sí i, òjò ń bọ̀!" Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà bóyá ó ti ka hádíìsì idhkhir. Ó ní òun ti kà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mo ní, ó dáa, kí ni Abbās sọ pé àwọn ará Mẹ́kà ń fi koríko náà ṣe? Ó ronú díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọhò. Wọ́n já ewé wá, a dí àlàfo, a da yẹ̀pẹ̀, òjò sì lé wa dé ilé.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni ó kan ìlẹ̀kùn mi, ó kó ìwé mẹ́ta mọ́ra. Ó ní, "Bàbá Lemọ́mù, mo bọ̀wọ̀ fún yín níta ni mo ṣe dákẹ́. Hádíìsì yẹn, lórí gígé koríko ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀ Mẹ́kà ni wọ́n sọ ọ́. Kò pa á láṣẹ pé kí á fi ewé sínú sàárè." Èmi kò bínú. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ́gbọ́n wá ni ó sọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. A jókòó títí ó fi di nǹkan bí aago mọ́kànlá. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ yìí, láti inú ìjókòó alẹ́ yẹn ni ó ti jáde.

ỌJỌ́ TÍ ABBĀS DÌDE SỌ̀RỌ̀

Ẹ rántí pé ní oṣù Ramadan, ọdún 8 lẹ́yìn Hijira, èyí tí ó bọ́ sí oṣù kìíní ọdún 630, ni Ọlọ́hun ṣí ìlú Mẹ́kà fún Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, Ànọ́bì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dìde, ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni ìlú náà láti ọjọ́ tí Ọlọ́hun ti dá sánmà àti ilẹ̀. A kò gbọdọ̀ gé ẹ̀gún rẹ̀. A kò gbọdọ̀ lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọnù níbẹ̀, ẹni tí yóò kéde rẹ̀ nìkan ni ó lè ṣà á. A kò sì gbọdọ̀ ké koríko tútù rẹ̀. Òfin náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Ikrimah, akẹ́kọ̀ọ́ Ibn Abbās, fi ṣàlàyé pé kí ènìyàn lé ẹran kúrò lábẹ́ ibòòji kí òun lè jókòó síbẹ̀, òun náà wà nínú lílé tí a kọ̀ yẹn.

Níbi tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́ ni Abbās, àbúrò baba Ànọ́bì, ti sọ̀rọ̀. Ó tọrọ pé kí wọ́n yọ idhkhir sílẹ̀, nítorí pé àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò ó, wọ́n sì ń lò ó fún ilé. Nínú gbígbà-wá mìíràn, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti sàárè ni ó dárúkọ. Ànọ́bì sì yọ ọ́ sílẹ̀ lójú-ẹsẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ni ọkùnrin ará Yámánì kan tí à ń pè ní Abū Shāh ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, Ànọ́bì sì ní kí wọ́n kọ ọ́ fún un. Èyí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ti ń kọ hádíìsì sílẹ̀ láti ayé Ànọ́bì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn tó iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀kan lára àwọn àgbà Mẹ́kà ni Abbās. Òun ni ó ń fún àwọn arìnrìn-àjò Kaaba lómi mu. Ó mọ ohun tí ìyàwó ilé ń lò, ó mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ ń lò. Bí ẹni tí kò mọ ìlú ni ó jókòó síbẹ̀, òfin ìbá kọjá bẹ́ẹ̀, ìnira ìbá sì ti dé bá ará ìlú ní ọjọ́ kejì.

LÁBẸLÁBẸ KỌ́ NI IDHKHIR

Kí ni koríko yìí gan-an? Mo ní láti jẹ́wọ́ níbí. Láti ilé-kéwú ni wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa sí "koríko olóòórùn dídùn", tí a ó sì kọjá lọ sí ìlà tó kàn. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo rí ìwé atúmọ̀ kan tí ó fi í wé koríko etí àbàtà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní lábẹlábẹ fún àwọn ọmọ kéwú mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àṣìṣe yìí.

Ọ̀gá kan tí ó ń kọ́ni nípa ewéko ní yunifásítì ni ó là mí lójú. Ó gbé koríko gbígbẹ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà jáde, ó ní, "Àlùfáà, ẹ fi ọwọ́ kan ìtí rẹ̀. Ṣé ó ní igun?" Mo fọwọ́ kàn án, kò ní igun. Ó ní lábẹlábẹ àti gbogbo ẹbí rẹ̀, ìtí wọn a máa ní igun mẹ́ta, inú rẹ̀ a sì dì. Ìtí koríko tòótọ́ rí roboto, ó sì ní oríkèé bíi ti ọparun. Ẹni tí ó bá ti já lábẹlábẹ létí odò rí yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àwọn ẹbí lábẹlábẹ náà ní iyì tiwọn o. Òfíò tí à ń rà ní ọwọ́ àwọn Hausa, tí wọ́n ń pè ní aya, tí à ń jẹ lẹ́nu wàràwàrà, ọ̀kan nínú wọn ni. Bardī tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe ìwé, ọ̀kan nínú wọn ni. Aṣálẹ̀ pàápàá ní tirẹ̀. Ó ń hù lórí òkìtì yanrìn ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti ní Sàhárà. Àwọn ará etí òkun Gulf ń pè é ní thenda, àwọn Bẹ́dúínì apá gúúsù ń pè é ní qaṣīṣ, àwọn onímọ̀ ewéko sì sọ ọ́ ní Cyperus conglomeratus. Bí ẹ bá fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, ẹ ó rí i pé yanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìbọ̀sẹ̀, èyí ni kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ gbẹ, gbòǹgbò náà ni kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá òkìtì yanrìn lọ. Ní Rub' al-Khālī, aṣálẹ̀ ńlá tí ewéko inú rẹ̀ kò ju bí oríṣi 37 lọ, òun wà lára ìwọ̀nba ohun tí ràkúnmí ń rí jẹ. Nígbà tí Wilfred Thesiger, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn Bẹ́dúínì la aṣálẹ̀ náà kọjá láàárín ọdún 1946 sí 1948, ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ pé òjò rọ̀ tí irú koríko bẹ́ẹ̀ hù ni wọ́n ń dorí kọ. Ràkúnmí yóò jẹ ẹ́, ènìyàn yóò mu wàrà ràkúnmí, a ó sì lè gbé ibi tí kànga jìnnà sí.

Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni idhkhir. Ẹbí ọkà bàbà, àgbàdo àti ìrèké ni idhkhir ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni Cymbopogon schoenanthus, ọmọ ìyá rẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù tí àwa mọ̀ ni koríko ọba, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, tí à ń sè fún ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ ra ewé koríko ọba láàárín àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ilé idhkhir. Àmọ́ ewé koríko ọba fẹ̀, ó sì ń fẹ́ omi. Ti idhkhir tín-ín-rín bíi wáyà, ó ń hù ní ìdì-ìdì ní àárín òkúta àti ní àfonífojì gbígbẹ, gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ lọ jìnnà. Ní ìsàlẹ̀ ìdì rẹ̀, àwọn èèpo ewé àtijọ́ a dì pọ̀ mọ́ra gírígírí, wọn a dáàbò bo ọ̀mùnú tí ó wà nínú. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á. Ìgbàkígbà tí òjò bá kán sí i, yóò tún rú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọdọọdún ni àwọn ará Mẹ́kà lè máa ké e, kò sì ní tán.

OHUN TÍ WỌ́N Ń FI Í ṢE

Ibn Hajar al-Asqalānī, tí ó kú ní ọdún 852 lẹ́yìn Hijira (1449), ṣàlàyé koríko yìí nínú Fathul-Bārī ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe lọ. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ní ilẹ̀ líle. Ó ní àwọn ará Mẹ́kà a máa tẹ́ ẹ sáàárín igi òrùlé, wọn a máa fi dí àlàfo àárín bíríkì sàárè, wọn a sì máa fi dáná.

Ti òrùlé kò lè ṣòro fún wa láti yé. Kí páánù tó dé, kí ni àwa náà fi ń bo ilé? Bẹẹrẹ ni. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ ṣe pàtàkì débi pé ọdún kan wà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, tí wọ́n ń gbé koríko náà wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n pàṣẹ lọ́jọ́ kan pé kí ẹnikẹ́ni má gé bẹẹrẹ mọ́. Ohun tí Abbās rí nìyẹn.

Ti alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Èédú kì í déédé ràn. Alágbẹ̀dẹ ní láti rí ohun tí yóò yára gbiná kí ó tó fi ẹwìrì fẹ́ èédú. Idhkhir gbẹ, ó fúyẹ́, òróró sì wà nínú ewé rẹ̀. Bí iná bá ti kàn án, ó parí. Ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú. Ẹ wo Àlí ọmọ Abū Tālib (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Lẹ́yìn ogun Badr, ní ọdún 2 lẹ́yìn Hijira, ó fẹ́ gbé Fātimah sílé, kò sì lówó wàlímà lọ́wọ́. Abo ràkúnmí méjì ni ó ní. Ó bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan nínú àwọn Banū Qaynuqā' ṣe àdéhùn pé kí àwọn jọ lọ ké idhkhir wá, kí òun tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, kí òun fi owó rẹ̀ se oúnjẹ ìyàwó. Ẹni tí ó wà nínú hádíìsì Bukhārī mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí: kí ó tó lọ, Hamzah, tí ó ń mu ọtí ní tòsí ibẹ̀, ti gé iké àwọn ràkúnmí náà, ó ti yọ ẹ̀dọ̀ wọn, ọtí kò tíì di èèwọ̀ nígbà náà. Èyí tí ó kàn wá nínú rẹ̀ lónìí ni pé ọmọ Abū Tālib, ẹni tí ó padà di Kálífà, kò ka títa koríko sí iṣẹ́ ẹ̀gàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń yáwó ṣe ìnáwó ìyàwó ní ayé yìí, mo kí yín o.

Nígbà tí Fātimah sì délé ọkọ, nínú ẹrù tí baba rẹ̀ kó fún un ni aṣọ kan, ìgò awọ ìpọnmi kan, àti ìrọ̀rí aláwọ tí wọ́n ki idhkhir sí nínú. Ẹ ò rí i bí koríko kan náà ṣe wọ ilé láti orí òrùlé dé orí ibùsùn.

Ó sì tún bá wọn dé sàárè. Ní ọjọ́ Uhud, ní ọdún 3 lẹ́yìn Hijira (625), Mus'ab ọmọ Umayr kú sójú ogun. Ọmọ olówó ni ní Mẹ́kà kí ó tó gba ẹ̀sìn. Ohun kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀ ni aṣọ onílà kan. Khabbāb sọ fún wa pé bí wọ́n bá fi bo orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a yọ síta; bí wọ́n bá fà á bo ẹsẹ̀, orí a yọ. Ànọ́bì ní kí wọ́n fi aṣọ bo orí rẹ̀, kí wọ́n sì fi idhkhir sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti ka hádíìsì yìí fún àwọn ènìyàn níbi jànáásà ju ìgbà tí mo lè kà lọ, síbẹ̀ ó ṣì máa ń mú ohùn mi wálẹ̀.

Ẹnì kan tí idhkhir kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni Bilāl. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Mòdínà tí ibà dá a gúnlẹ̀, Ā'ishah sọ pé bí ara bá ti fúyẹ́ fún un díẹ̀, a gbé ohùn sókè, a máa ké ewì pé ó wu òun kí òun tún sùn mọ́jú ní àfonífojì Mẹ́kà, kí idhkhir àti koríko jalīl yí òun ká. Ìlú tí wọ́n ti fi òkúta lé e láyà nínú oòrùn ni o! Ẹni tí ó ti gbé ìlú òyìnbó rí, tí ó wá ṣàdédé gbọ́ òórùn ewé tí ìyá rẹ̀ ń sè, yóò mọ ohun tí ó ń ṣe Bilāl.

Àwọn oníṣègùn pàápàá kò fi í sílẹ̀. Dioscorides, ará Gíríìkì ọ̀rúndún kìíní, kọ nípa rẹ̀. Ibn Sīnā, tí ó kú ní ọdún 428 lẹ́yìn Hijira (1037), kà á mọ́ àwọn oògùn inú Qānūn. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn ará Íjíbítì ń pè é ní halfa barr, àwọn ará Sudan ń pè é ní mahareb, wọ́n ń sè é mu bíi tíì fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò já gaara àti fún òkúta inú kíndìnrín. Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ń ta á kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù.

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí, idhkhir ń hù ní Tógò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Lomé fún òróró rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sórí kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà inú àká. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé òróró náà ń pa kòkòrò yìí, kì í sì í jẹ́ kí ẹyin àti ìdin rẹ̀ dàgbà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ẹ̀wà, ẹ mọ ohun tí ìdàjì àpò tí kòkòrò ti lu jẹ́. Ẹ sì mọ irú oògùn tí àwọn kan ń dà sínú ẹ̀wà tí ó ń pa ẹni tí ó jẹ ẹ́. Inú mi ìbá dùn bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa bá lè gbé iṣẹ́ àwọn ará Lomé yìí dé ọjà.

ÌLẸ̀KÙN TÍ ABBĀS ṢÍ

Mo padà sọ́dọ̀ àlejò mi alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní lóòótọ́, wọ́n yọ idhkhir sílẹ̀, ṣùgbọ́n idhkhir nìkan ni. Mo bá na ọwọ́ sí Mukhtasar Khalīl, ìwé tí gbogbo wa tí a wà lórí ọ̀nà Mālik ń gbé ka iwájú. Khalīl ọmọ Is'hāq, tí ó kú ní ọdún 776 lẹ́yìn Hijira (1374), nígbà tí ó ń sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ gé ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀, ohun méjì ni ó yọ sílẹ̀: idhkhir àti sanā. Mo ní, "Ta ni ó dárúkọ sanā nínú hádíìsì?" Ó ní kò sí. Ewé oògùn ni sanā, òun ni àwọn ènìyàn fi ń ya inú. Àwọn onímọ̀ wa wò ó pé ohun tí ó mú kí wọ́n yọ idhkhir sílẹ̀ ni bùkátà àwọn ènìyàn, irú bùkátà bẹ́ẹ̀ sì wà nínú sanā. Àwọn tí wọ́n ṣàlàyé ìwé Khalīl tún fi àwọn mìíràn kún un: igi pákò, ọ̀pá ìtilẹ̀, ewé tí a gbọ̀n sílẹ̀ láti orí igi, gígé igi láti kọ́ ilé síbẹ̀, àti gígé e láti tún ọgbà ṣe. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí gbogbo rẹ̀ o. Ẹni tí ó bá gé igi tí kò tọ́, Shāfi'ī ní kí ó pa màlúù fún igi ńlá, kí ó pa àgùntàn fún kékeré. Abū Hanīfah ní iye owó rẹ̀ ni yóò san. Mālik ní ó ti ṣẹ̀, kí ó tọrọ àforíjìn, kò sí ìtánràn kankan lórí rẹ̀.

"Ó yé mi, Bàbá Lemọ́mù," ni ó wí. "Sàárè ńkọ́?"

Mo ní kí ó ṣí i sí orí jànáásà nínú ìwé kan náà. Níbẹ̀, Khalīl to ohun tí a fi ń dí lahdi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bíríkì amọ̀ tí a kò sun ni àkọ́kọ́, nítorí òun ni wọ́n fi dí sàárè Ànọ́bì, lẹ́yìn rẹ̀ pákó, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn mìíràn títí ó fi kan qasab, ìyẹn esùsú àti irú rẹ̀. Ewéko ni esùsú. Ó wo ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí Abbās sì wí níwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé àwọn ń lo idhkhir fún sàárè, Òjíṣẹ́ kò wí pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ìyẹn. Ohun tí ó gbọ́ tí kò kọ̀, ẹ̀rí ni lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ewé dí àlàfo pákó kò ṣe ohun tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni kò di dandan kí á rán ènìyàn lọ sí Mẹ́kà láti ra idhkhir gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ àwọn eléwé-oògùn níbẹ̀, kí sàárè wa baà lè pé. Wọ́n lo ohun tí ó wà ní àyíká wọn. Àwa náà yóò lo ewé tí ó wà ní àyíká wa. Bí bíríkì àti pákó bá gún régé, kò sí ìdí láti já ewé rárá.

Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ ní ọwọ́ òfo, nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò ṣàìní ìpìlẹ̀. Ní àwọn ilé kan, ewé kan pàtó ni wọ́n ń wá, wọ́n ní bí kò bá sí i, òkú yóò máa padà wálé, tàbí pé ẹni tó kàn yóò tẹ̀ lé e. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ dídí àlàfo. Ibẹ̀ ni kí ó gbé gbogbo ìbínú rẹ̀ lọ, èmi náà yóò sì dúró tì í. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó ní, "Ẹ já ewé tó bá ṣáà wà nítòsí," àti ẹni tí ó ní, "Ewé báyìí ni kí ẹ já, ẹ má sì bojú wẹ̀yìn."

Ó bi mí ní ìbéèrè kan kí ó tó lọ. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́hùn-ún, n kò fi ojú mi rí idhkhir rí. Ẹ̀yin ńkọ́?" Mo sọ fún un pé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà ní yunifásítì nìkan ni mo rí.

Mo ti gbin koríko ọba sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí a bá dé orí hádíìsì náà ní ilé-kéwú, mo máa ń rán ọmọ kan lọ já díẹ̀ wá, kí wọ́n fi ọwọ́ ra á, kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí á tó ka orúkọ Abbās. N kì í pè é ní lábẹlábẹ mọ́.